Ẹ Má Tíì Di Ẹrù: Ọ̀rọ̀ Mi Fún Ẹ̀yin Mẹkáníìkì Tó Ń Bọ̀ Lẹ́yìn

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ mẹkáníìkì eré ìje ọkọ̀ nílùú Ọba níbí, mo rí yín ní Snetterton, pápá eré ìje ọkọ̀ yẹn. Eré kejì ò tíì parí tẹ́ ẹ ti ń ká okùn iná, tẹ́ ẹ ń to sípánà padà sínú àpótí, torí pé ọkọ̀ yín ti bọ́ sẹ́yìn. Nǹkan mẹ́ta ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Àkọ́kọ́, ẹ mọ ìṣirò pọ́ìntì lórí. Eré mẹ́ta ni wọ́n ń sá lọ́jọ́ kan nínú BTCC, ìdíje ọkọ̀ tó gbajúmọ̀ nílùú Ọba níbí. Ẹni tó ṣe ipò kìíní ń gba 20, ìkejì 17, ìkẹta 15, títí dé ipò 15 tó ń gba ẹyọ kan. Ẹyọ kan yẹn lẹ̀ ń fojú tẹ́ńbẹ́lú.

Ìkejì, kò sí ọkọ̀ tó ń borí lójoojúmọ́. Wọ́n ti dìídì ṣètò ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà kan, irin tó tó kílò 75 ni wọ́n máa ń dì mọ́ ọkọ̀ ẹni tó bá ń ṣe dáadáa jù. Ipò téèyàn bá ṣe nínú eré kejì ló máa fi gbéra nínú ìkẹta, àmọ́ wọ́n á fa nọ́ńbà, wọ́n á sì fi yí ìlà àwọn tó wà níwájú padà. Eré kan ṣoṣo ni awakọ̀ tó ń jẹ́ Colin Turkington borí nínú 30 lọ́dún 2018, òun náà ló sì gba ife ọdún yẹn.

Ìkẹta lèyí tó ń bí mi nínú dòní: kéèyàn juwọ́ sílẹ̀ nígbà tí eré ṣì kù.

Kí n tó dé ibi tí mo wà yìí, mo bá ọ̀gá kan ṣiṣẹ́ nínú ọ̀kan lára àwọn eré kéékèèké tí wọ́n máa ń sá ṣáájú eré ńlá. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Sáà ń parí lọ, àwa la wà níwájú. A dé pápá Croft, òjò ń rọ̀. Nínú eré kejì, ẹnì kan gbá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní kọ́nà, ọkọ̀ wọ koríko. Nígbà tí wọ́n wọ́ ọ dé, táyà iwájú lápá òsì ti yà síta bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Mo wọ abẹ́ ẹ̀. Ọ̀pá tó so sítíárín mọ́ táyà ló tẹ̀, kò sí nǹkan míì. Rédíétọ̀ ò jò. Ọ̀pá tuntun wà nínú fáànù wa. Ẹrẹ̀ ti bo gbogbo ẹ̀yìn mi, mo ti tú nọ́ọ̀tì ti inú tán, ni ọ̀gá bá dé.

"Ẹ fi sílẹ̀. Ẹ̀yìn pátápátá la máa ti gbéra. Kí la fẹ́ máa fi táyà ṣòfò fún?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tó bá ṣáà ti parí eré, á rí nǹkan gbà."

Ó bi mí bóyá èmi ni mò ń ra táyà. Mo gbẹ́nu mi pa.

Ọkọ̀ jókòó sábẹ́ àgọ́, àwa dúró nínú òjò, à ń wòran bí ọkọ̀ mẹ́rin ṣe kọlu ara wọn ní ìyípo àkọ́kọ́, tí òmíràn rì sínú ẹrẹ̀. Ẹni tó ti ẹ̀yìn pátápátá gbéra ṣe ipò kẹsàn-án. Nígbà tí sáà parí, pọ́ìntì mẹ́ta ni wọ́n fi gba ife lọ́wọ́ wa. Mẹ́ta péré! Ọ̀gá wá ń sọ kiri pé awakọ̀ wa ni ò gbóná tó.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti BTCC ní pápá Brands Hatch kún un, ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá 2019, ọjọ́ tí sáà parí. Turkington ló ń ṣíwájú nínú pọ́ìntì kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́. Wọ́n gbá a yí nínú eré kejì, ó di ẹni tó ń ti ipò 25 gbéra nínú eré àṣekágbá. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó má fi táyà ṣòfò. Ó fi BMW ẹ̀ já ara ẹ̀ gbà dé ipò kẹfà. Síbẹ̀, ọwọ́ Dan Cammish, awakọ̀ tí wọ́n jọ ń du ife, ni ife ṣì wà, àfi ìgbà tó ku ìyípo díẹ̀ tí bíréèkì Honda ẹ̀ kọṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ka pọ́ìntì ọdún náà, Turkington ní 320, Cammish 318, Andrew Jordan, awakọ̀ míì, náà 318. Wọ́n ní oríire ni. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: ká ní ipò kẹsàn-án ló dúró sí, 317 ni ì bá ní, bíréèkì Cammish ì báà já lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Ọ̀gá mi àtijọ́ yẹn pè mí láìpẹ́ yìí pé òun ń wá mẹkáníìkì méjì. Mo ní mi ò mọ ẹnì kankan.