Àyẹ̀wò Ọdún 2025: Ọdún Èèpo Èkùrọ́

Bí ẹ bá ń retí kí n ròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láti oṣù Kìíní títí dé oṣù Karùn-ún, ẹ má bínú, n kò rántí. Ọ̀sán kan ní oṣù Kẹfà ló gba gbogbo ọdún mọ́ mi lọ́wọ́, nígbà tí mo jókòó níwájú àwọn ẹnjiníà iléeṣẹ́ kan tí ń to ọkọ̀ pọ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí, tí mo sì gbé páàdì bíréèkì tí a fi èèpo èkùrọ́ ṣe ka orí tábìlì wọn. Kóòtù ìgbéyàwó mi ni mo wọ̀, èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ kò kàn mọ́. Inú àpò sẹmó sì ni páàdì náà wà, nítorí Ìyá Ìbejì kò gbà kí n kó ẹrù mẹkáníìkì sínú báàgì òun.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ ronú kan èèpo èkùrọ́. Àwọn olùwádìí méjì, Ibhadode àti Dagwa, ti tẹ iṣẹ́ wọn lórí rẹ̀ jáde ní 2008. Ohun tí èmi àti Alàgbà, ẹni tí a jọ ń ṣe páàdì yìí, ń bá jà ní tiwa ni epo tí ó máa ń kù sára èèpo náà, nítorí bí a kò bá fọ̀ ọ́ kúrò pátápátá kí a tó lọ̀ ọ́, rẹ́síìnì, ìyẹn gọ́ọ̀mù tí ń so ìyẹ̀fun rẹ̀ pọ̀, kò ní dì í mú dáadáa.

Ẹnjiníà àgbà wọn, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, fi èékánná ha etí páàdì náà, ó wo ìyẹ̀fun dúdú tí ó kù sí i lọ́wọ́, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, lẹ́tà wo ni yóò gbà?” Ẹni tí ó bá ti wo etí páàdì tí ó rà lọ́jà yóò ti rí lẹ́tà bẹ́ẹ̀, FF tàbí EE: ti àkọ́kọ́ ń sọ bí ó ṣe ń mú nígbà tí kò tíì gbóná jù, ìkejì ń sọ bí ó ṣe ń mú tí ó bá gbóná gan-an, ìwọ̀n bí páàdì ṣe ń di díìsìkì mú ni lẹ́tà náà dúró fún, F sì wà láàárín 0.35 àti 0.45. Mo ní F ni ti àkọ́kọ́. Ó ní, “Ìkejì ńkọ́?” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yin igi ọ̀pẹ ilẹ̀ wa.

Wọn kò kẹ́gàn mi, mo sì dúpẹ́. Wọ́n ṣàlàyé pé páàdì kan tí ó dára kò tó iléeṣẹ́ ọkọ̀; ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí kò yàtọ̀ síra ni wọ́n ń rà, nítorí bí bíréèkì bá já lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, orúkọ tí ó wà níwájú ọkọ̀ ni aráyé yóò pè, wọn kò ní pe elèèpo.

Ikọ́ ni kò jẹ́ kí Alàgbà bá mi lọ. Láti ìgbà ọmọṣẹ́ ni ó ti ń kan láínìnì mọ́ ṣúù bíréèkì ọkọ̀ akẹ́rù, nígbà tí asbestos, ohun àlùmọ́ọ́nì bí òwú tí eruku rẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, wà nínú wọn, tí wọ́n sì ń fi ẹnu fẹ́ eruku rẹ̀ kúrò nínú dúrọ́ọ̀mù. Dókítà sọ orúkọ àìsàn náà fún wa. N kò ní kọ ọ́ síbí. Oṣù Kẹjọ ni ó lọ. Sípánà nọ́ńbà méjìlá mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé ìrẹsì òkú tí wọ́n fún mi jẹ kò pa gbèsè náà rẹ́.

Lẹ́tà iléeṣẹ́ náà dé ní oṣù Kẹwàá. Wọn kò gbà, wọn kò sì kọ̀: wọ́n ní kí a lọ dán an wò lórí ẹ̀rọ tí ń yí díìsìkì bí ìgbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, kí a sì wá ẹni tí ó ti ń ṣe páàdì fún wọn tẹ́lẹ̀ kí ó bá wa pawọ́ pọ̀. Owó èsúsú Ìyá Ìbejì ni a óò fi bẹ̀rẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ó ka ibí yìí.

Oṣù Kìíní ni a ń wò báyìí. Ibì kan ṣoṣo ni gbogbo èèpo tí a óò lò gbọ́dọ̀ ti wá, kí ìpele kan má baà yàtọ̀ sí èkejì, nítorí náà mo lọ bá Ìyá Elékùrọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹnì kan ti sọ fún un pé iléeṣẹ́ ọkọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ó sì ti fi owó lé iye àpò kọ̀ọ̀kan kí n tó rí ìjókòó.