Iṣẹ́ Tí Kò Tán Lónìí: Ohun Tí Lẹ́sìn Ọlidé Kọ́ Mi l'Óṣogbo

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ fẹ́ máa kó ọmọ jọ fún lẹ́sìn ní ọlidé gígùn yìí, yálà kọ́pà ni yín, yálà ẹ ń retí àbájáde ìdánwò, tàbí ẹ kàn jẹ́ ẹ̀gbọ́n tí wọ́n da ọmọ gbogbo ẹbí sí lọ́rùn: ìbéèrè tí ẹ sábà máa ń bi mí ni pé èló ló máa ná wa? Èsì mi ni pé owó kọ́ ló máa ń kọ́kọ́ tán. Ohun tí ọmọ máa ṣe ló máa ń kọ́kọ́ tán. Aago mẹ́wàá kò ní tíì lù tí wọn á ti ya àwòrán tán, wọn á ti kọrin tán, wọ́n á wá jókòó máa wò yín lójú. Ibẹ̀ ni ẹlòmíì ti máa ń sáré lọ ra bọ́ọ̀lù, lọ ra súìtì, lọ ra dátà kí wọ́n lè wo kàtúùnù. Lọ́la, wọ́n á tún tán.

Nítorí náà, kí ẹ tó ronú ohun tí ẹ máa rà, ẹ ronú iṣẹ́ tí kò lè tán lónìí. Ọmọ tó bá mọ̀ pé nǹkan òun ṣì ń dúró de òun nílẹ̀, òun ló máa jí ìyá rẹ̀ láàárọ̀.

Ìlú aró la wà, ẹ jẹ́ ká fi àdìrẹ bẹ̀rẹ̀. Aṣọ àlòkù funfun tó jẹ́ òwú ni ẹ nílò: ìbòrí tìmùtìmù, síńgílẹ́ẹ̀tì, ìdajì aṣọ ìbùsùn tó ti ya. Aṣọ ọlọ́ràá kì í gba aró dáadáa, ẹ má gbà á. Ọjọ́ àkọ́kọ́, òkúta wẹ́wẹ́ ni kí wọ́n ṣà, kí wọ́n tò ó láti orí èyí tó tóbi jù dé orí èyí tó kéré jù. Ìyẹn nìkan, bí ẹ bá fara balẹ̀, á gba àárọ̀ ọjọ́ kan, torí wọ́n á jiyàn lórí gbogbo òkúta. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á máa fi aṣọ wé òkúta náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa fi ìko dì í. Ẹ kọ́ wọn bí a ṣe ń dán dídì wò: bí èékánná bá lè wọ abẹ́ ìko, aró náà á wọ ibẹ̀. Mo ti rí ọmọ tí kò lè jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún nínú kíláàsì tó tú ìko kan náà, tó tún un dì, tó tún un tú, tí ọ̀rọ̀ kankan kò jáde lẹ́nu rẹ̀, torí pé èékánná ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣì ń wọlé.

Aró rírẹ kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé. Aró ẹlẹ́bu tí wọ́n ń tà lọ́jà, sódà kọ́síìkì ni wọ́n fi ń pò ó, sódà yìí sì máa ń bó ara, òórùn rẹ̀ kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ bẹ aláró kan tí ẹ mọ̀, kó rẹ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa rẹ ẹ́, ìta gbangba ni, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ sílé. Sódà lẹ máa ń dà sínú omi, ẹ má da omi lé sódà. Àmọ́ bí ẹ bá rí aláró ayé àtijọ́ tó ṣì ń lo ewé ẹ̀lú, ẹ kó wọn lọ wò ó láti ọ̀ọ́kán. Bí aṣọ bá ṣe ń jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ló máa kọ́kọ́ ní. Afẹ́fẹ́ ló máa sọ ọ́ di aró níṣojú wọn. Ìbéèrè tí wọ́n máa bi yín lórí ìyẹn á tó jẹ ọjọ́ méjì.

Àwọn kan á sọ pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kò lè kọ́ ọmọ ní nǹkan gidi. Ní ìlú yìí kọ́. Ní 1962 tí Dúró Ládípọ̀ eléré àti Ulli Beier, òǹkọ̀wé ọmọ Jámánì, dá Mbari Mbayo, ilé ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ l'Óṣogbo níbí, àwọn ẹ̀kọ́ àwòrán ìgbà díẹ̀ tí wọ́n ṣe láwọn ọdún yẹn ló sọ àwọn ọ̀dọ́ tí kò ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọnà kankan di gbajúmọ̀. Jimoh Buraimoh, tó wá di ìlú mọ̀ọ́ká nídìí àwòrán tí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe, iṣẹ́ iná ló ń ṣe nínú ẹgbẹ́ eré Dúró Ládípọ̀ kó tó di ayàwòrán.

Ayò kò ní kí ẹ ra ọpọ́n. Ẹ gbẹ́ ihò méjìlá sílẹ̀, mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún, òkúta mẹ́rin mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe é ní ìdíje tó máa lọ títí ọlidé fi máa parí, kí ẹ lẹ orúkọ ọ̀ta (ẹni tó jẹ) àti ọ̀pẹ (ẹni tí wọ́n jẹ) mọ́ ògiri ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń wòran máa pariwo, ara ayò ni. Ìṣirò ibẹ̀ pọ̀ ju ti inú ìwé lọ, àmọ́ ẹ má sọ fún wọn.

Òjò Oṣù Kẹjọ á lé yín wọlé. Àlọ́ ló kàn. Àwọn àgbà ní a kì í pa àlọ́ lọ́sàn-án. Ní tèmi, ọ̀sán tí òjò ti ṣú bolẹ̀ tí NEPA sì ti mú iná lọ, òru ni. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ẹ má parí rẹ̀. Ẹ dá a dúró síbi tí Ìjàpá ti há, kí ẹ ní ó di ọ̀la. Wọ́n á bínú sí yín, wọ́n á sì tètè dé.

Ewédú náà ń ṣiṣẹ́ yìí. Bí wọ́n bá gbìn ín lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó sábà máa ń tó já kí ilé ìwé tó wọlé. Kí èso rẹ̀ lè tètè hù, ẹ fi àkísà wé e, kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ àgbà tẹ̀ ẹ́ bọ omi gbígbóná fún ìwọ̀n ìgbà tí a fi ń ka ení dé ẹ̀wá, kí ẹ yọ ọ́. Ike ọ̀dà tó ti sán ti tó, kí olúkúlùkù kọ orúkọ rẹ̀ sára tirẹ̀.

Ní ti ìrìn àjò, ilé tí Àdùnní Olórìṣà (Susanne Wenger, òyìnbó oníṣẹ́ ọnà) gbé lójú ọ̀nà Ìbòkun, láti ìta lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ lè wo ọnà ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005, ẹ béèrè lọ́wọ́ òbí kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó dárúkọ rẹ̀ fún ọmọ. Òbí mìíràn kò fẹ́ kí ọmọ òun débẹ̀ nítorí ẹ̀sìn, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ mú ọmọ tirẹ̀ dúró ti ayò. Bí ẹ bá lọ, ẹ fi oúnjẹ sílẹ̀ sílé, àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ kò mọ tọmọdé. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu omi odò Ọ̀ṣun sẹ́nu, iṣẹ́ àwọn awakùsà wúrà lókè odò ti bà á jẹ́. Lọ́jọ́ ọdún Ọ̀ṣun gan-an, èrò á pọ̀ ju kí ẹnì kan máa ṣọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ.

Oúnjẹ: àsìkò àgbàdo ni. Ẹ sè é, gbogbo wọn á jẹ ohun kan náà, kò ní sí ọmọ tí á máa wo míìtì páì lẹ́nu ẹlòmíì.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn òbí. Ìyá ọmọ fẹ́ rí ìwé tí wọ́n fi bírò pupa mààkì, ẹ má dá a lẹ́bi, owó rẹ̀ ni. Kí àwọn ọmọ máa kọ iye ayò tí wọ́n jẹ sínú ìwé, kí wọ́n máa fi ìlà wọn bí ewédú ṣe ga tó, kí wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n rò pé Ìjàpá máa ṣe lọ́la. Ẹ mààkì ìyẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa tú ìko ara àdìrẹ, ẹ pe gbogbo òbí wá, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan tú tirẹ̀ níṣojú wọn. Kí ẹ sì gba owó tó bá kù lọ́wọ́ wọn níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí inú wọn dùn. Bí ilé ìwé bá fi lè wọlé, yunifọ́ọ̀mù àti bàtà ti gbé e.