Báàgì Anìkànjọpọ́n

Abọ́ omi kan ní Ìjẹmọ̀, Abẹ́òkúta, ló fa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Ọjọ́ kẹta tí mo délé ni, oorun Leeds nílùú Ọba ò tíì dá lójú mi, ni Màmá mi ní ká lọ síbi ìkómọ. Ọmọ-ọmọ àbúrò wọn ni. Ẹ kúkú mọ bó ṣe máa ń rí: wọ́n gbé abọ́ omi síwájú, kálukú ń ju owó sínú ẹ̀, ó ń pe orúkọ tó fẹ́ sọ ọmọ. Ó kàn mí. Mo ṣí báàgì, mo wá a títí, gbogbo ẹbí ń wò mí. Kọ́bọ̀ ò sí níbẹ̀. Káàdì báǹkì ni mo rí. Ni mo bá ní ṣé mo lè ṣe tíránsífà?

Ẹ̀rín tó bú jáde lọ́jọ́ náà, díẹ̀ ló kù kí bàbá ọmọ já ọmọ sílẹ̀. Àbúrò Màmá mi ní, "Ẹ bá a wá nọ́ńbà àkáǹtì ọmọ o! Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ!" Màmá mi nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tọwọ́ bọ báàgì tiwọn, wọ́n ki owó bọ̀ mí lọ́wọ́ lábẹ́ tábìlì, wọ́n ní, "Gba àpò kan yìí." Igba náírà. Bí wọ́n ṣe máa ń fún mi lówó igbá ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, mo sì ti pé ogójì lóṣù tó kọjá. (Àwa tá a dàgbà sẹ́yìn àwọn oníṣòwò Ìtòkú la ṣì mọ ohun tó ń jẹ́ àpò kan. Ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ni láyé pọ́n-ùn. Nígbà tí náírà dé ní 1973, ó di igba náírà. Orúkọ ò yí padà. Ohun tó lè rà ló yí padà.)

Ìtìjú ò tán síbẹ̀. Ọmọ kan ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìyá ẹ̀ ní ṣé mo ní tọ́mtọ́m. Mi ò ní. Ìró ẹnì kan ń tú, ó ní ṣé mo ní pínnì. Mi ò ní. Ìyá àgbà kan ń làágùn, wọ́n nawọ́ sí mi kí n bá wọn wá áńkáṣífù, sánítáísà ni mo rí fún wọn. Wọ́n gbọ́ òórùn ẹ̀, wọ́n dá a padà.

Bá a ṣe délé, Màmá mi ní kí n gbé báàgì yẹn wá. Wọ́n da gbogbo ẹ̀ sórí ẹní. Fóònù kan, ṣájà, kọ́kọ́rọ́ méjì, ike omi, agboòrùn, ìpara ètè, sánítáísà, oògùn ọ̀fìnkìn, káàdì ibi iṣẹ́ tí mo ti dà bí ọ̀daràn nínú fọ́tò ẹ̀, àti káàdì ilé ìtajà tí wọ́n ní wọ́n á fi máa dín owó kù fún mi. Wọ́n wò ó lọ, wọ́n wò ó bọ̀.

"Gbogbo ẹ̀ nìyí?"

"Gbogbo ẹ̀ nìyẹn, mà."

"Kò sí èyí tó jẹ́ ti ẹlòmíì níbẹ̀. Àbẹ̀kẹ́, báàgì anìkànjọpọ́n nìyí."

Ó dùn mí dé eegun. Èmi tí mò ń fowó ránṣẹ́ lóṣooṣù! Ṣùgbọ́n mo mọ bí báàgì mi ṣe dà bẹ́ẹ̀, àlàyé ẹ̀ ló ṣòro fún mi lórí ẹní yẹn.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Leeds, báàgì Ẹ̀gbá ni mò ń gbé. Ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, bàbá kan tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún di ọwọ́ mi mú, ó ní mo jọ ẹnì kan tí òun mọ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo fún wọn ní tọ́mtọ́m kan. Ọ̀gá mi pè mí sínú ọ́fíìsì. Bàbá yẹn kì í lè gbé nǹkan mì dáadáa, wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́jú wọn pé oúnjẹ lílọ̀ nìkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa fún wọn. Ohun líle kékeré bẹ́ẹ̀ lè há wọn lọ́fun kó sì pa wọ́n. Ọ̀gá mi jàre, kò tiẹ̀ pariwo. Àmọ́ ọjọ́ yẹn ni tọ́mtọ́m kúrò nínú báàgì mi. Pínnì tẹ̀ lé e, wọ́n ní ó lè gún ẹni tí mò ń gbé dìde. Ṣéńjì tẹ̀ lé e, torí káàdì ni mo fi ń wọ bọ́ọ̀sì. Áńkáṣífù lọ, tíṣù gba ipò ẹ̀, tíṣù náà tán. Kò sẹ́ni tó lé wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń lọ.

Ẹ wá wo báàgì Màmá mi. Mo ti ra báàgì aláwọ gidi ránṣẹ́ sí wọn, ó ṣì wà nínú náílọ́ọ̀nù ẹ̀ nínú wọ́ọ̀dúróòbù, wọ́n ní òde tó tó o ò tíì dé. Èyí tí wọ́n ń gbé ni wọ́n pín níbi òkú kan, àwòrán olóògbé ṣì wà lára ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ayé. Nínú ẹ̀: Róòbù, orógbó, áńkáṣífù méjì (ọ̀kan tiwọn, ọ̀kan ti "bóyá ẹnì kan á nílò ẹ̀"), náílọ́ọ̀nù tí wọ́n ká ká ká títí ó fi kéré bí ekùrọ́, owó wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń wá kiri báǹkì, bírò tí ò ní ìdérí, kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi àjákù àdìrẹ so, ìyẹ́ adìyẹ mẹ́ta tí wọ́n fi ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tí wọ́n wé sínú ìwé ìròyìn kí ẹnu ẹ̀ má baà kán. Ìwé ètò ìsìnkú mẹ́rin tún wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ka ti ara báàgì mọ́ ọn, òkú márùn-ún ni Màmá mi ń gbé kiri Abẹ́òkúta lójoojúmọ́, ẹ̀yìn ò sì dùn wọ́n.

Lọ́jọ́bọ̀, mo rí ìwúlò irú báàgì bẹ́ẹ̀ ní Kútọ̀. Ìyá kan ń bọ́ọ́lẹ̀ nínú takisí, òòyì kọ́ wọn, wọ́n ṣubú lulẹ̀. Kí n tó sọ pé ẹ pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn, àwọn obìnrin tó ń tajà níbẹ̀ ti gbé wọn síbòòji, ọ̀kan ti ṣí báàgì wọn, ó ń pe ohun inú ẹ̀ bí ẹni ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì: "Láfún rèé. Ẹja rèé. Owó rèé o, gbogbo yín ẹ rí i o, mi ò mú nǹkan kan! Hẹ̀n-ẹ́n, káàdì àjọ rèé." Nọ́ńbà alájọ wà lórí káàdì. Wọ́n pè é. Ẹ ò ní gbàgbọ́: bí wọ́n ṣe ka nọ́ńbà káàdì yẹn fún un, ó ti mọ̀ pé ìyá Láfẹ́nwá ni, ó mọ ilé, ó mọ orúkọ ìyàwó ọmọ, ó tún ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wà nínú pọ́ọ̀sì kékeré inú báàgì yẹn, kí wọ́n wò ó dáadáa. Orí ẹ̀ pé bíi ti alájọ Ṣómólú. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ tí òun àti ìyàwó ọmọ fi dé lórí ọ̀kadà. Ìyá ti lajú nígbà yẹn, wọ́n ń ka owó wọn.

Mo dúró síbẹ̀, báàgì mi wà léjìká. Tó bá jẹ́ èmi ni mo ṣubú lójú pópó ní Leeds, kí ni wọ́n fẹ́ rí pè? Káàdì ilé ìtajà. Wọ́n á mọ ibi tí mo ti ń ra búrẹ́dì.

Ohun kan wà tí mo fò nígbà tí mò ń sọ ti báàgì tí wọ́n dà sórí ẹní. Ọmọ mi wà níbẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ìparí 2024 ni mo lọ, oṣù kẹta ọdún yẹn sì ni ìjọba ọ̀hún ti ní ẹni tó bá ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ò gbọdọ̀ mú ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Ọ̀dọ̀ Màmá mi ló wà láti ìgbà náà. Bí wọ́n ṣe da báàgì yẹn sílẹ̀, ó wá lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń yí àwọn nǹkan náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣí agboòrùn, ó pa á dé. Ó wá ní, "Mọ́mì, èwo ni tèmi níbẹ̀?"

Mo ní fọ́tò ẹ̀ pọ̀ lórí fóònù mi, ó ju ẹgbẹ̀rún lọ. Ó mú fóònù náà, ó tẹ̀ ẹ́. Iná ti tán lórí ẹ̀. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti mú iná lọ. Ó gbé e sílẹ̀ jẹ́ẹ́, ó ní òun fẹ́ lọ bá wọn gbá bọ́ọ̀lù.

Nígbà tí mo padà wo báàgì Màmá mi lálẹ́, ríṣíìtì owó iléèwé ẹ̀ ló wà lókè pátápátá, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ẹ̀ mẹ́rin, àti ààbọ̀ bisikí tí ò jẹ tán, tí wọ́n fi tíṣù wé.

Ọjọ́ tí mò ń padà, à ń bá kílò mẹ́tàlélógún jà láti ìdájí. Láfún wọlé, gàrí wọlé, ìrẹsì Ọ̀fadà wọlé. Ẹran gbígbẹ ni mo yọ, torí wọn ò jẹ́ kí ẹran wọ ìlú ọ̀hún. Ìgbà méjì ni mo yọ ọ́, ìgbà méjì ni mo tún bá a lábẹ́ gàrí. Màmá mi gba báàgì ọwọ́ mi, wọ́n wọ yàrá lọ. Nínú bàálù ni mo tó ṣí i: tọ́mtọ́m, pínnì, áńkáṣífù méjì, owó wẹ́wẹ́ náírà tí mi ò mọ ẹni tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi ní Leeds. Nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ gbogbo ẹ̀, bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé kan, òwú ṣì rọ̀ mọ́ ọn.

Lánàá ni Màmá mi pè mí. Wọ́n fẹjọ́ sùn títí: yúnífọ́ọ̀mù tuntun tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rán fún ọmọ yìí, ó ti já bọ́tìnnì òkè ẹ̀, ó sì ń wo àwọn lójú pé òun ò mọ ibi tó bọ́ sí. Wọ́n ní kí n bá a wí.

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá a rán òmíì sí i.