Mi ò jẹ́ kí oṣó sùn

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe Dungeons & Dragons, eré àròsọ orí tábìlì tí a ń fi dáìsì ṣe, ẹ gbọ́ tèmi o. Èmi ni mo darí eré lálẹ́ àná. Àbúrò mi mú oṣó, ìpele karùn-ún. Bí ọ̀tá bá ti yọjú báyìí, Fireball, ọfọ̀ tó ń ju iná! Dáìsì olójú mẹ́fà, mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà, gbàràgàdà lórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n tó mú jagunjagun kàn ń jẹ ṣinṣín ní tiwọn. "Ṣé ìran ni mo wá wò ni?"

Àwọn kan á ní ká dín agbára oṣó kù. Èmi ò gbà. Adùn oṣó nìyẹn. Oorun ni mo gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Nínú ìlànà eré náà ti ọdún 2014, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni oṣó ìpele yẹn lè ju iná ọ̀hún kó tó sinmi kí agbára ẹ̀ lè padà. Jagunjagun ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń ṣá idà nígbàkígbà tó bá kàn án, kì í tán. Dáìsì olójú mẹ́wàá ló fi ń ka ẹ̀mí, ìyẹn ìyà tó lè fara dà kó tó ṣubú; olójú mẹ́fà ni ti oṣó.

Bí ọ̀tá ṣe ń lọ ni òmíràn ń dé. Ọfọ̀ ńlá tán lẹ́nu àbúrò, ló bá sá sẹ́yìn jagunjagun: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí o!"

Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Iná dà?"