Ìyàwó Ẹ̀ Ńkọ́?

Ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́wàá alẹ́ kọjá díẹ̀

Iná dé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kò sì ṣẹ́jú títí a fi wo fíìmù oníwákàtí mẹ́ta tán. Mo kọ́kọ́ kọ èyí sílẹ̀ ná, torí ládùúgbò wa n'Íbàdàn, ohun tó tó kọ sínú ìwé ni.

Àwọn àbúrò mi ọkùnrin méjèèjì ló kó eré náà wá. Àbíkẹ́yìn ló gbé kọ̀ǹpútà dání, tó ní àfi ká tún Avengers: Endgame wò kí tuntun, Avengers: Doomsday, tó dé lóṣù Kejìlá. Mo ní ṣebí gbogbo wa la jọ wò ó ní 2019. Ó ní, "Àǹtí mi, ìgbà yẹn ẹ ò tíì relé ọkọ. Ojú tẹ́ ẹ fi wò ó nígbà náà kọ́ lẹ máa fi wò ó báyìí." Mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́. Ó jàre ṣá.

Bá a ṣe jókòó rèé: ọkọ mi lórí àga gbọọrọ, ọmọ wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn àbúrò mi nílẹ̀ẹ́lẹ̀, Màmá lẹ́bàá ilẹ̀kùn pẹ̀lú atẹ ẹ̀wà lórí itan wọn, tí wọ́n ń ṣa á fún mọ́ínmọ́ín. Ọjọ́ Ẹtì lọkọ mi máa ń ti Èkó dé, ìdájí ọjọ́ Ajé ló ń padà. Fíìmù ò tíì lo ogún ìṣẹ́jú tó fi sùn lọ, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Mo bọ́ ọ fún un. Kò mọ̀.

Màmá kì í há orúkọ òyìnbó sórí. Tony Stark, "Alágbẹ̀dẹ" ni wọ́n ń pè é, orúkọ yẹn sì bá a mu ju Iron Man lọ lójú tèmi. Nínú fíìmù àkọ́kọ́, ti 2008 tí Jon Favreau darí, inú ihò àpáta kan ní Afghanistan ni wọ́n há a mọ́, ibẹ̀ ló ti ń lu irin mọ́ irin títí ó fi rọ ẹ̀wù tó gbé e jáde. Ká ní ọmọ ilẹ̀ wa ni, á kọ́kọ́ pajá fún Ògún kó tó fò. Thanos, ọ̀tá wọn, ní tirẹ̀, "Alágbọ̀n Ebè" ni. Ẹni tó bá ti rí àgbọ̀n ọkùnrin náà rí mọ̀ pé Màmá ò purọ́ mọ́ ọn.

Ibi tó mú mi lónìí, mi ò rántí pé mo kíyè sí i rárá ní 2019. Ọdún márùn-ún ti kọjá tí Thanos ti pa ìdajì ẹ̀dá alààyè rẹ́. Alágbẹ̀dẹ ti kó lọ sẹ́bàá adágún, ó ti fẹ́ Pepper, wọ́n ti bí Morgan. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn wá ọ̀nà tí àwọn á fi padà sínú ìgbà tó ti kọjá. Ó kọ̀ fún wọn. Nígbà tó dòru, ó ń fọ abọ́ lọ́wọ́, ojú rẹ̀ bọ́ sára fọ́tò òun àti Peter, ọ̀dọ́kùnrin tó ń tọ́ sọ́nà, tó di eérú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ló bá jókòó ti iṣẹ́, ló bá rí ojútùú. Ó wá lọ bá ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti ń kàwé. Ó ní bóyá kóun kàn tì í mọ́nú àpótí, kóun jù ú sísàlẹ̀ adágún, kóun lọ sùn. Pepper ò gbóhùn sókè, kò sì da omi lójú. Ó kàn bi í pé: ṣé wàá wá lè sinmi?

Mo ní kí àbúrò mi dá a dúró, kó tún ibẹ̀ gbé. Ó ní kí ló wà níbẹ̀, pé ìjà ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ìjà bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, mo lọ wo ọbẹ̀. Mo padà dé bá Alágbẹ̀dẹ pẹ̀lú òkúta agbára mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́wọ́, àwọn tí Thanos fi pa ìdajì ẹ̀dá rẹ́. Ó ní òun ni Iron Man, ó ta ìka láti pa Thanos àti ogun rẹ̀ rẹ́, agbára òkúta sì jó òun náà. Bó ṣe ta á báyìí ni Màmá gbé atẹ ẹ̀wà sílẹ̀, wọ́n yí ọwọ́ ká orí, àwọn náà ta ìka: "Ọlọ́run máà jẹ́ n!" Àwọn àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín débi pé ọmọ tó ti ń tòògbé ta jí. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Pepper ti dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀. Peter ti sunkún tirẹ̀, wọ́n ti fà á sẹ́yìn. Obìnrin yìí ní kí ọkọ rẹ̀ wo òun. Ó ní kò ní sí nǹkan tó máa ṣe àwọn. Ó ní, o lè sinmi wàyí. Ìgbà tí iná àyà ọkùnrin náà kú tán ló tó gbórí lé e, tó sunkún.

Sinmi. Ọ̀rọ̀ kan náà tó fi bi í lóru ọjọ́sí ló fi tú u sílẹ̀. Lédè tiwa, ẹni tó kú náà la sì ń sọ pé ó lọ sinmi.

Bí wọ́n ṣe pa tẹlifíṣọ̀n báyìí ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Èyí àgbà nínú wọn ní Doctor Strange, oṣó inú wọn, ló pa á. Ó ní ọkùnrin náà wo ọjọ́ iwájú lọ́nà 14,000,605, ẹyọ kan ṣoṣo ló rí tí wọ́n ti borí, ó mọ ohun tí ẹyọ yẹn máa gbà, kò sọ. Ìka kan ló gbé sókè sí Alágbẹ̀dẹ lójú ogun. Àbíkẹ́yìn ní irọ́ ni, pé ẹni tó fara rẹ̀ rúbọ láìjẹ́ pé wọ́n tì í, òun ló rúbọ. Ó wá mú ọ̀rọ̀ Natasha wọ̀ ọ́, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ Alágbẹ̀dẹ, tó bọ́ sílẹ̀ látorí òkè ní ayé kan tó ń jẹ́ Vormir kí wọ́n lè rí òkúta kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà: ta ló sin òun? Alágbẹ̀dẹ ní òdòdó lórí omi, gbogbo èèyàn wọ dúdú tò sẹ́bàá adágún. Natasha ò ní nǹkan kan. Mo gbè é lẹ́yìn níbẹ̀, ó sì ya òun gan-an lẹ́nu, torí kì í ṣe ojoojúmọ́ ni mò ń gbè é lẹ́yìn.

Ìgbà náà ló wá fa fóònù yọ láti fi ohun tó ń bí i nínú han Màmá. 27 oṣù Keje ọdún 2024 ni, ní Comic-Con, àpéjọ àwọn olólùfẹ́ ìwé aláwòrán àti fíìmù, nílùú San Diego. Àwọn kan jáde sórí ìtàgé nínú ẹ̀wù àwọ̀lékè aláwọ̀ ewé, ìbòjú irin lójú wọn. Ẹnì kan láàárín wọn bọ́ tirẹ̀. Robert Downey Jr. ni, Alágbẹ̀dẹ fúnra rẹ̀, pé òun ló máa ṣe Doctor Doom, ọ̀tá paraku, nínú fíìmù tuntun náà. Ó ní agọ̀ tuntun ni, iṣẹ́ àtijọ́.

Màmá sún fóònù mọ́jú. "Ṣé èyí kọ́ lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sin tán?"

Àwọn Màmá yìí náà ni o, tí wọ́n sunkún òṣèré Yorùbá kan lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí wọ́n sì bá ọ̀gbẹ́ni ọ̀hún nínú eré mìíràn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tó ń fẹ́ ìyàwó kejì. Wọ́n bú u dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Kì í ṣe torí ìyàwó kejì o, torí omijé wọn tó ṣòfò ni.

Àbíkẹ́yìn ní ohun tóun ń sọ gan-an nìyẹn. Omijé ṣòfò. Ẹni tó fi ojú yẹn kú fún wa ò gbọdọ̀ fi ojú kan náà padà wá pa wá. Ó fi Chadwick Boseman, tó ṣe ọba T'Challa nínú Black Panther, ṣe àpẹẹrẹ: nígbà tí àrùn jẹjẹrẹ ìfun mú un lọ ní 28 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, wọn ò gbé adé T'Challa lé òṣèré mìíràn lórí. Nínú fíìmù tó tẹ̀ lé e ní 2022, wọ́n jẹ́ kí ọba wàjà, wọ́n sì ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó má fi ikú gidi wé ikú eré. Ó ní Chris Evans ṣe akọni kan, Human Torch, ní 2005 àti 2007, ó yíjú padà ní 2011, ó di akọni mìíràn, Captain America, ta ló bá a jà? Ó ní iṣẹ́ òṣèré ni. Ó tún ní Doom gan-an ni ẹ̀gbọ́n nínú ìwé aláwòrán, 1962 ni Stan Lee àti Jack Kirby gbé e jáde, 1963 ni Iron Man dé. Àti pé Doom náà ní ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: ẹ̀mí ìyá rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀mí burúkú kan lọ́run àpáàdì, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi jà, lọ́dọọdún, láti gbà á padà.

"Ẹ ò rí i," ni Màmá wí. "Ó mọyì ìyá." Bí Doctor Doom ṣe jèrè Màmá nìyẹn.

Èmi ò rí ohun tó burú nínú kí Downey padà. Kì í ṣe ebi ló ń pa á: oṣù Kẹta ọdún 2024 yẹn náà ló gba Oscar. Ó sì jọ pé agọ̀ wù ú. Níbi tá a ti wá, a mọ̀ pé ẹni kan náà lè gbé agọ̀ ọ̀tọ̀ jáde lọ́dún tó ń bọ̀, a kì í sáré lọ ṣí i lójú. Obìnrin tó bá mawo, kò gbọdọ̀ wí. San Diego ni wọ́n ti ń ṣí egúngún lójú kí eré tó bẹ̀rẹ̀, tí èrò sì ń pariwo ayọ̀.

Màmá ti padà sídìí ẹ̀wà wọn. Láìgbójú sókè ni wọ́n bèèrè pé: "Ìyàwó ẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n pe òun náà padà?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Àbíkẹ́yìn tún gbé fóònù. Ní 26 oṣù Kẹta ọdún 2025, àwọn tó ń ṣe fíìmù náà fi àga han aráyé lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ohun tó lé ní wákàtí márùn-ún. Àga lásán, orúkọ òṣèré kan lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àbúrò mi jókòó wò ó tán, òun tí kì í lè dúró ti ìkòkò ìrẹsì fún ogún ìṣẹ́jú. Orúkọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Letitia Wright àti Winston Duke, àwọn ará Black Panther, wà níbẹ̀, Downey ló kẹ́yìn, ó sì jókòó sórí àga tirẹ̀. Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì fún Màmá. Kò sí Gwyneth Paltrow, tó ṣe Pepper, níbẹ̀.

"Ẹn-ẹ́n," ni Màmá wí, wọ́n sì ju òkúta kan sọ́wọ́ òsì.

Ohun tó ń yí lọ́kàn mi látìgbà náà nìyẹn, òun ni mi ò fi tíì sùn. Gbogbo wa ń jiyàn lórí ìka tí ọkùnrin náà ta. Bí wọ́n bá fi àgbò rúbọ, wọ́n á ki babaláwo, wọ́n á ki ẹni tó rúbọ. Ta ló ń ki ẹni tó sin àgbò? Alágbẹ̀dẹ fi ẹ̀mí rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Pepper ti fi tirẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, lórí àga, ìwé lọ́wọ́, lóru tí kò sí ogun kankan. Ó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, jù ú sómi, wá sùn. Ọkùnrin náà ń wá ẹni tó máa bá òun sọ ọ́ ni. Òun náà ló máa padà jí lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, tí á se oúnjẹ fún ọmọ.

Lọ́dún kejì sẹ́yìn, lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n pe ọkọ mi síṣẹ́ Èkó, ilé ìdáná ló ti sọ fún mi. Mò ń bẹ ìṣu. Ó ní òun lè kọ̀ ọ́, pé owó tó ń wọlé n'Íbàdàn ń tó wa jẹ. Mo mọ̀ pé kò tó wa jẹ. Mo mọ̀ pẹ̀lú pé bí mo bá ní kó kọ̀ ọ́, á kọ̀ ọ́, kò sì ní rojọ́ mi fẹ́nì kankan. Mo ní, "Dadí, tẹ́ ẹ bá kọ̀ ọ́, ṣé ẹ máa sùn?" Ó dákẹ́. Mo bẹ ìṣu yẹn títí ó fi kù bí ìka.

Mi ò fi ara mi wé ìyàwó Iron Man o. Kò sẹ́ni tó kú, ọjọ́ Ẹtì kì í sì í yẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹbí ló ń kí i pé ó ń gbìyànjú, ó ń sùn sí yàrá kan l'Ékòó torí ìyàwó àti ọmọ. Òótọ́ ni, ó ń gbìyànjú. Ó kàn wù mí kẹ́nì kan bèèrè lẹ́ẹ̀kan bí Màmá ṣe bèèrè lónìí.

Kí wọ́n tó lọ, ọmọ mi fẹ́ fi ohun tí Morgan àti bàbá rẹ̀ ń sọ síra wọn, pé ìfẹ́ mi sí ẹ jẹ́ 3000, jí bàbá tirẹ̀. Àwọn àbúrò mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí bí a ṣe ń pe 3000 ní Yorùbá. Ọ̀kan ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Èkejì ní kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, pé àwọn àgbà lórúkọ fún un. Màmá ní, "Ẹgbẹ̀ẹ́dógún. Igba lọ́nà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí ni wọ́n ń kọ́ yín nílé ìwé?" Ọmọ gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, "ẹgbẹ́ dókun" ló ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó sáà lọ kígbe rẹ̀ sí bàbá rẹ̀ létí.

Ó jí. Ó nu ẹnu. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, kò rí bàtà. "Ó ti parí? Ta ló borí?"

Màmá ló dá a lóhùn: "Alágbẹ̀dẹ ti kú. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bá a wáṣẹ́ mìíràn."

Ó ti padà sùn báyìí. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni fóònù rẹ̀ máa dún. Ẹ̀wà ti wà nínú omi, mo sì ní láti jí ṣáájú rẹ̀ kí mọ́ínmọ́ín lè jinná kó tó jáde. Iná ṣì wà. Ẹ jẹ́ n tètè lọ lọ aṣọ rẹ̀.