Ohun tí mo kọ́ nípa pykeepass: iṣẹ́ tí áàpù ń bá wa ṣe lẹ́yìn, láíbúrárì kì í ṣe é

Bí ẹ bá ń fi Python ṣiṣẹ́, tí ẹ sì ní fáìlì .kdbx, ìyẹn irú èyí tí KeePass àti KeePassXC ń kó pásíwọ́ọ̀dù sí, pykeepass ni láíbúrárì tí ẹ lè fi kà á, tí ẹ sì lè fi kọ nǹkan sínú rẹ̀. `pip install pykeepass` ni ẹ máa fi gbé e wọlé. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò le rárá:

```
from pykeepass import PyKeePass
kp = PyKeePass('ise.kdbx', password=oro)
e = kp.find_entries(title='imeeli', first=True)
print(e.username)
```

Ìrọ̀rùn yìí ló ń tan èèyàn jẹ. Ẹni tó ti ń lo KeePassXC tipẹ́ á rò pé gbogbo ohun tí áàpù yẹn ń bá òun ṣe lẹ́yìn ni láíbúrárì náà á máa ṣe. Áàpù máa ń tọ́jú pásíwọ́ọ̀dù àtijọ́ nígbà tí a bá yí i padà. Ó máa ń kọ àkókò tí a yí i sílẹ̀. Ohun tí a bá pa rẹ́, inú Recycle Bin ló kọ́kọ́ ń gbé e sí. Gbogbo rẹ̀ ni pykeepass lè ṣe, àmọ́ àfi tí ẹ bá ní kó ṣe é. Ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà tí mo mọ̀ ti ń wá.

Kí n tó dé ibẹ̀, ó yẹ ká mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí fáìlì bá ń ṣí, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní lóye àṣìṣe tó bá yọ sójú kọ̀ǹpútà. Láíbúrárì á fi SHA-256 (ìṣirò tó ń sọ ohunkóhun di báìtì 32 tí a ń pè ní hash) lọ pásíwọ́ọ̀dù yín, á so ohun tó jáde mọ́ ti fáìlì kọ́kọ́rọ́ bí ẹ bá ní ọ̀kan, á sì tún fi SHA-256 lọ àpapọ̀ méjèèjì. Ohun tó bá jáde níbẹ̀ ló máa gba inú AES-KDF tàbí Argon2 kọjá, ìyẹn ìṣirò tó ń sọ ọ́ di kọ́kọ́rọ́ gidi. KDBX 4, ìyẹn ẹ̀yà kẹrin fáìlì .kdbx, tó bá KeePass 2.35 dé ní 2017, ló mú Argon2 wọlé, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ àkókò àti mẹ́mọ́rì, kó lè sú ẹni tó bá ń méfò pásíwọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn ìyẹn ni AES-256, ChaCha20 tàbí Twofish á wá ṣí fáìlì fúnra rẹ̀. XML ló wà nínú rẹ̀, gzip ló sì sábà máa ń fún un pọ̀. Nínú XML náà, a ṣì tún fi ìbòrí kejì bo pásíwọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan: Salsa20 nínú KDBX 3, ChaCha20 nínú KDBX 4.

Nítorí Argon2 yìí, ẹ má ṣe fi `PyKeePass(...)` sínú loop láé. Bí ṣíṣí ẹ̀ẹ̀kan bá gba ìṣẹ́jú àáyá 1, loop tó bá yí ní ìgbà 500 á gba ìṣẹ́jú tó lé ní 8, láìṣe iṣẹ́ gidi kankan. Ẹ ṣí i lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì máa lo `kp` yẹn títí iṣẹ́ á fi parí. Ti mẹ́mọ́rì náà tún wà níbẹ̀. Inú fáìlì ni láíbúrárì ti ń ka iye mẹ́mọ́rì tí Argon2 máa jẹ, kì í bi yín. Bí ẹnì kan bá fi áàpù gbé e sí 1 GiB lórí kọ̀ǹpútà ńlá rẹ̀, tí ẹ sì lọ ṣí fáìlì yẹn nínú container tí wọ́n fún ní 512 MiB, ètò yín á kàn kú ni, láìsọ ìdí. Ẹ wo `kp.kdf_algorithm`, kí ẹ mọ̀ bóyá Argon2 ni, lórí kọ̀ǹpútà tí àyè bá gbà kí ẹ tó gbé fáìlì lọ sí ibi tó há. Àní sẹ́, nítorí èyí, mo fẹ́ràn kí n fi KeePassXC dá fáìlì tuntun sílẹ̀ ju kí n lo `create_database` lọ: ọ̀nà láti yan iye mẹ́mọ́rì wà nínú áàpù, kò sí lára ohun tí `create_database` ń gbà.

Àṣìṣe mẹ́ta ló wà nínú `pykeepass.exceptions` tí ẹ gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí ìtọ́jú wọn kò jọra. `CredentialsError` ń sọ pé pásíwọ́ọ̀dù tàbí fáìlì kọ́kọ́rọ́ kò bá a mu. `HeaderChecksumError` ń sọ pé iwájú fáìlì ti bàjẹ́, `PayloadChecksumError` sì ń sọ pé inú rẹ̀ ló bàjẹ́. Méjì ìgbẹ̀yìn yìí kì í ṣe ọ̀ràn pé kí ẹ tún pásíwọ́ọ̀dù tẹ̀. Ẹ lọ mú ẹ̀dà tí ẹ fi pamọ́. Ẹni tó bá fi `except Exception` gbá gbogbo wọn pọ̀, tó sì ń sọ fún àwọn tó ń lo ètò rẹ̀ pé “pásíwọ́ọ̀dù kò tọ̀nà”, á mú kí wọ́n máa gbìyànjú pásíwọ́ọ̀dù tó tọ́ lórí fáìlì tó ti bàjẹ́.

Bí `CredentialsError` bá ń yọ, tó sì dá yín lójú pé pásíwọ́ọ̀dù tọ́, ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò.

Àkọ́kọ́, pásíwọ́ọ̀dù tó ṣófo kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú àìsí pásíwọ́ọ̀dù. Bí fáìlì bá jẹ́ èyí tí fáìlì kọ́kọ́rọ́ nìkan ń ṣí, `password=None` ni kí ẹ kọ. Bí ẹ bá kọ `''`, ìyẹn tún ní hash tirẹ̀, kọ́kọ́rọ́ tó máa jáde á sì yàtọ̀. `os.environ.get('ORO', '')` ló sábà ń fa èyí.

Èkejì, ẹnì kan lè ti fọwọ́ kan fáìlì kọ́kọ́rọ́. Fáìlì tí kì í bá ṣe XML, tí kì í ṣe báìtì 32 gẹ́lẹ́, tí kì í sì í ṣe lẹ́tà hex 64, gbogbo inú rẹ̀ pátá ni a máa fi SHA-256 lọ. Kí editor kàn fi ìlà òfìfo kan kún ìparí rẹ̀, kò ní ṣí nǹkan kan mọ́. Èyí tó jẹ́ XML ẹ̀yà 2.0 ló dára jù, torí ó ní hash kékeré nínú tó ń jẹ́ ká mọ̀ bóyá ó ti bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta kan àwa tí à ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ gan-an. Lẹ́tà “ẹ́” lè wà nínú kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí “ẹ” tí a fi àmì òkè lé, ó sì lè wà gẹ́gẹ́ bí “é” tí a fi àmì sí nísàlẹ̀. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Báìtì wọn kò jọra, SHA-256 wọn kò sì lè jọra láé. Bí ẹ bá ṣe fún pykeepass ni ó ṣe máa sọ ọ́ di UTF-8, kì í tò ó. Kíbọ́ọ̀dù fóònù lè tẹ̀ ẹ́ báyìí, kí ti kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́ báyẹn. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí pásíwọ́ọ̀dù tó ń ṣí gbogbo fáìlì má ṣe ní àmì kankan, bí ẹ bá máa tẹ̀ ẹ́ lórí ju ẹ̀rọ kan lọ. Bó bá ti ní i ná, ẹ fi `unicodedata.normalize` gbìyànjú NFC, kí ẹ tún gbìyànjú NFD (ọ̀nà méjì tí Unicode fi ń to lẹ́tà àti àmì rẹ̀), kí ẹ tó sọ ìrètí nù. Wàhálà yìí náà wà lórí wíwá nǹkan: `find_entries(title='Iṣẹ́')` lè dá list òfìfo padà nígbà tí àkọlé náà wà níwájú yín. Ẹ fi Python fúnra rẹ̀ fi wọ́n wéra:

```
from unicodedata import normalize as n
wa = n('NFC', 'Iṣẹ́')
ri = [e for e in kp.entries if n('NFC', e.title or '') == wa]
```

Ó kan ti kíkọ. Bí ẹ bá fẹ́ yí pásíwọ́ọ̀dù kan padà, ìlà mẹ́rin ni, kì í ṣe méjì, títò wọn sì ṣe pàtàkì:

```
e.save_history()
e.password = tuntun
e.touch(modify=True)
kp.save()
```

Bí ẹ bá fo ìlà kìíní, pásíwọ́ọ̀dù àtijọ́ ti lọ nìyẹn. Bí ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ fún ní tuntun bá wá kọ̀ ọ́, ẹ kò ní tuntun tó ṣiṣẹ́, ẹ kò sì ní àtijọ́ mọ́. Tí ẹ bá sì pè é lẹ́yìn tí ẹ ti yí i padà, tuntun lẹ ń tọ́jú sínú ìtàn, ìyẹn kò sì wúlò. Ìlà kẹta ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀ pé ó yẹ. pykeepass kì í yí àkókò àtúnṣe padà fúnra rẹ̀. Áàpù tó bá sì fẹ́ da fáìlì méjì pọ̀, àkókò yẹn ló ń wò láti mọ èyí tó jẹ́ tuntun. Bí kò bá yí, áàpù kò ní mọ̀ pé tiyín ni tuntun, àyípadà tí ẹ ṣe sì lè pòórá lẹ́yìn tí fóònù bá bá kọ̀ǹpútà ṣe ìdàpọ̀. Mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ kó ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ sínú function kan ṣoṣo, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan `e.password` ní ibòmíràn nínú kóòdù yín.

Ti pípa nǹkan rẹ́: `delete_entry` ń pa á rẹ́ pátápátá, `trash_entry` ló ń gbé e lọ sínú Recycle Bin. Kejì ni kí ẹ máa lò. Àmọ́ ẹ rántí pé `find_entries` ń wá inú Recycle Bin pẹ̀lú. Script tó bá gbé èyí tó kọ́kọ́ rí lè gbé pásíwọ́ọ̀dù tí ẹ ti jù nù oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ máa yọ wọ́n kúrò báyìí, torí `recyclebin_group` lè jẹ́ `None` nínú fáìlì tí a kò tíì pa nǹkan rẹ́ nínú rẹ̀ rí:

```
rb = kp.recyclebin_group
ri = [e for e in ri if not (rb and e.path[0] == rb.name)]
```

`first=True` ń dá `None` padà bí kò bá rí nǹkan, kì í pariwo. `add_entry` ní tirẹ̀ máa ń pariwo bí àkọlé àti orúkọ kan náà bá ti wà nínú group yẹn (group ni fódà tí a ń to àkọsílẹ̀ sí). Ẹ má sáré fi `force_creation=True` pa á lẹ́nu mọ́. Ariwo yẹn sábà máa ń fi hàn pé script yín ti ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan rí, tó sì fẹ́ kó gbogbo nǹkan wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Bí ẹ bá ń kó nǹkan wọlé láti inú CSV, lxml, láíbúrárì tí pykeepass fi ń kọ XML, á kọ̀ lẹ́tà tí XML kò gbà, bíi báìtì òdo. Ẹ fọ CSV náà kó tó dé ibẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún pásíwọ́ọ̀dù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `{REF:`. Kì í ṣe pásíwọ́ọ̀dù, ó ń tọ́ka sí èyí tó wà nínú àkọsílẹ̀ mìíràn ni. Bí ẹ bá ka `e.password`, ohun tí ẹ máa fi ránṣẹ́ sí server ni ọ̀rọ̀ ìtọ́ka yẹn gan-an, server á sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ yín. `e.deref('password')` ló ń mú èyí tó jẹ́ gidi wá.

`set_custom_property` kì í bo ohun tí ẹ kọ, àfi tí ẹ bá fi `protect=True` sí i. Kò túmọ̀ sí pé ẹni tó bá jí fáìlì á rí i o, gbogbo fáìlì ló wà ní títì. Ohun tó ń ṣe ni pé áàpù á bò ó lójú gbogbo ẹni tó bá ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Ti fáìlì tí a so mọ́ àkọsílẹ̀: nọ́ńbà ni wọ́n ń lò, `delete_binary` sì máa ń fa gbogbo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e sẹ́yìn. Ẹ má ṣe kó àwọn nọ́ńbà yẹn pamọ́ sínú variable, kí ẹ wá máa pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti ìparí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Kò sí títì kankan láàárín ètò méjì tó ń lo fáìlì kan náà. Gbogbo fáìlì ni pykeepass ń kó sínú mẹ́mọ́rì, gbogbo rẹ̀ ló sì ń kọ padà. Ẹni tó bá kọ ọ́ kẹ́yìn ló ń pa iṣẹ́ ẹni àkọ́kọ́ rẹ́, láìsí àṣìṣe tó máa yọ. Ẹ gba lock, ẹ pe `kp.reload()`, ẹ ṣe àyípadà, ẹ pe `kp.save()`, kí ẹ tó tú lock sílẹ̀. Bí ẹ bá gba lock lẹ́yìn reload, asán ni. Nínú àwọn ẹ̀yà tuntun, `save` máa ń kọ́kọ́ kọ fáìlì `.tmp` sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì yín kó tó gbé e rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, àṣẹ láti kọ nǹkan sínú fódà gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe sínú fáìlì nìkan.

Ní ti ààbò, bí `kp` bá ti ṣí, gbogbo pásíwọ́ọ̀dù ló wà ní gbangba nínú mẹ́mọ́rì ètò yín, Python kò sì fún wa ní ọ̀nà láti nu string nù. Ọ̀rọ̀ mẹ́mọ́rì yìí kì í ṣe eré: ní 2023, àléébù ààbò tí wọ́n fún ní nọ́ńbà CVE-2023-32784 fi hàn pé ẹni tó bá rí mẹ́mọ́rì KeePass 2 gbà lè kó pásíwọ́ọ̀dù àgbà jáde nínú rẹ̀, ó ku lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan, ẹ̀yà 2.54 ló sì tún un ṣe. Kí ètò yín ṣí fáìlì, kó ṣiṣẹ́, kó kú. Ẹ fi `ulimit -c 0` dènà core dump, ìyẹn fáìlì tí ẹ̀rọ ń da mẹ́mọ́rì ètò sí bí ètò náà bá kú lójijì. Ẹ fi `getpass` gba pásíwọ́ọ̀dù, ẹ má kọ ọ́ sínú kóòdù. `kp.dump_xml` ń kọ gbogbo rẹ̀ síta láìsí ìbòrí kankan, kò sì yẹ kó wà nínú kóòdù tó bá ń ṣiṣẹ́ gidi.

Lẹ́yìn `save`, kí ẹ tó ju ẹ̀dà àtijọ́ nù, ẹ fi `PyKeePass` tuntun ṣí fáìlì náà, kí ẹ fi `len(kp.entries)` wé iye tí ẹ ń retí, kí ẹ sì fi KeePassXC ṣí i lójú ara yín nígbà àkọ́kọ́ tí script yẹn bá ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi láíbúrárì yìí sínú ohun tí ẹ máa tà láìfi kóòdù rẹ̀ hàn, ẹ ka ìwé àṣẹ GPL-3.0 tó wà lórí rẹ̀ kí ẹ tó kọ ìlà kìíní.