Ohun tí mo rí nínú fáìlì owó oṣù: ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ HR (ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́)

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kọkànlá mi rèé nídìí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, àwọn kan nínú yín sì ti ń bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń san owó tó kéré fún obìnrin ju ọkùnrin lọ, àbí àsọdùn ni. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í rí bí ẹ ṣe rò ó. Èmi náà rò tẹ́lẹ̀ pé ẹnì kan wà tó jókòó síbì kan, tó ń sọ pé obìnrin lèyí, ẹ yọ díẹ̀ nínú owó ẹ̀. Látọjọ́ tí mo ti wà níbí mi ò tíì pàdé onítọ̀hún. Èmi gan-an ni mo bá nídìí ẹ̀, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé.

Níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, èmi ni mo máa ń bá àwọn tó ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ sọ̀rọ̀ owó, ìbéèrè tí wọ́n sì fi kọ́ mi ni "èló ni wọ́n ń san fún yín níbi tẹ́ ẹ wà tẹ́lẹ̀?" Iye yòówù kí onítọ̀hún pè, màá fi 10% lé e, ó parí. Mo tiẹ̀ rò pé mo ń ṣe dáadáa ni, ṣebí gbogbo wọn ni mo fi lé fún. Mi ò mọ̀ pé tí wọ́n bá ti rẹ́ ẹ jẹ níbi tó ti ń bọ̀, ìrẹ́jẹ yẹn náà ni mo gbé wọlé, tí mo tún fi òǹtẹ̀ tiwa lù ú. Ẹ wò ó báyìí: ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ ní 100, ẹnì kejì bẹ̀rẹ̀ ní 90, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Lọ́dọọdún, àfikún 5% fáwọn méjèèjì, kò sí ojúsàájú kankan níbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ọ̀kan ti wà ní 163, ìkejì wà ní nǹkan bíi 147. Àlàfo tó jẹ́ 10 ti di 16, kò sì sẹ́ni tó hùwà ìkà láàárín. Owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù yẹn náà á tún kéré, ẹ kà á mọ́ ọn.

Ìdí nìyẹn tí òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe lọ́dún 2023 fi ní agbanisíṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ bi ẹni tó ń wáṣẹ́ léèrè iye tó ń gbà tẹ́lẹ̀, òun ló yẹ kó sọ iye tó wà fún iṣẹ́ náà fónítọ̀hún. Tí òfin yẹn ò bá kan ibi tẹ́ ẹ wà, ẹ ṣáà yọ ìbéèrè yẹn kúrò nínú fọ́ọ̀mù yín. Kò gbà yín ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Bó ṣe wá hàn sí mi: ìparí oṣù kan, wọ́n ní kí n to fáìlì sílẹ̀ fáwọn tó ń bọ̀ wá yẹ ìwé wò. Orúkọ la máa ń fi to ó, lọ́jọ́ yẹn mo ní jẹ́ n fi irú iṣẹ́ to ó wò. Ni ìlà 41 àti 42 bá jókòó síra wọn. Iṣẹ́ kan náà, ipò kan náà. Obìnrin tó wà ní ìlà 41 ti lo ọdún mẹ́rin, ọkùnrin tó wà ní ìlà 42 ò tíì pé ọdún kan àtààbọ̀, obìnrin yìí ló sì kọ́ ọ níṣẹ́, ìwé tí wọ́n fi ní kó kọ́ ọ, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Owó ọkùnrin fi ìdá kan nínú márùn-ún ju tiẹ̀ lọ. Mo yẹ ìwé ẹ̀rí wọn wò, mo yẹ iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe sẹ́yìn wò, mi ò rí nǹkan tó fà á àyàfi iye tí kálukú ń gbà níbi tó ti ń bọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, mo tún wá ìsàlẹ̀ lọ, mo rí mẹ́ta sí i. Ká má parọ́ o, nínú ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin lowó ẹ̀ kéré.

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni "Ṣé ó bèèrè ni?" Báwo ló ṣe máa bèèrè nígbà tó jẹ́ pé ó wà nínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ wa pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ iye tó ń gbà fẹ́nì kejì? Ẹ lọ ka ìtàn Lilly Ledbetter ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1979 sí 1998 ló fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tó ń ṣe táyà, ìgbà tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì lẹnì kan tí kò kọ orúkọ fi bébà kékeré kan sílẹ̀ fún un, iye tóun ń gbà ló wà níbẹ̀ àti ti àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ó pẹjọ́, ó jàre níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ lọ́dún 2007 ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ ní ó ti pẹ́ jù, pé láàárín ọjọ́ 180 tí wọ́n ṣèpinnu owó náà ló yẹ kó ti fẹjọ́ sùn. Ọjọ́ 180, lórí nǹkan tí kò mọ̀! Wọ́n fi orúkọ ẹ̀ ṣòfin lọ́dún 2009 láti tún ibẹ̀ ṣe, òun fúnra ẹ̀ ò rí nǹkan kan gbà padà. Látìgbà tí mo ti ka ìyẹn, tẹ́nì kan bá ní "kò kúkú bèèrè," mi ò kì í fèsì, fáìlì ni mo máa ń ṣí fún un. Owó oṣù kì í ṣe ti ẹni tẹ́nu ẹ̀ mú jù.

Ẹ tún ṣọ́ orúkọ iṣẹ́ o. Àdéhùn tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ 100, tí ILO, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé, ṣe lọ́dún 1951 ò sọ pé "iṣẹ́ kan náà," ohun tó sọ ni iṣẹ́ tó níye lórí bákan náà, ọ̀rọ̀ méjèèjì yàtọ̀ gan-an. Àwọn obìnrin tó ń rán aṣọ ìjókòó mọ́tò fún Ford ní Dagenham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yanṣẹ́ lódì lọ́dún 1968 torí pé wọ́n pe iṣẹ́ wọn ní iṣẹ́ tí kò gba ọgbọ́n. Ẹ rán aṣọ ìjókòó mọ́tò wò ná kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá kò gba ọgbọ́n. Ìjà yẹn wà lára ohun tó bí òfin owó dọ́gbadọ́gba ọdún 1970 níbẹ̀, síbẹ̀ ó di ọdún 1984 kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ ìránṣọ yẹn sí ipò tó yẹ ẹ́. Torí náà tí "olùrànlọ́wọ́" bá pọ̀ lápá àwọn obìnrin, tí "alábòójútó" pọ̀ lápá ọkùnrin, ẹ wo ohun tí kálukú ń ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀ kẹ́ ẹ tó gba orúkọ yẹn gbọ́.

Èyí tó ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú: ilé iṣẹ́ kan lè san owó kan náà fún tọkùnrin tobìnrin nípò kọ̀ọ̀kan, kí àlàfo tó wà láàárín wọn lápapọ̀ ṣì tóbi, torí pé ọkùnrin ló kún òkè, obìnrin ló kún ìsàlẹ̀. Látọdún 2017 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 250 sókè gbọ́dọ̀ gbé àlàfo yẹn síta lọ́dọọdún. Claudia Goldin tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé lọ́dún 2023 sì jẹ́ ká rí i pé lóde òní, ẹ̀yìn tí obìnrin bá bí ọmọ àkọ́kọ́ ni àlàfo yìí ti máa ń là dáadáa. Mo rí tiẹ̀ lọ́fíìsì wa. Ẹni tó bá wà lórí ìsinmi ọmọ bíbí, kì í sẹ́ni tó máa kọ máàkì ẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò ọdún, kọ̀ǹpútà sì ń ka àyè tó ṣófo yẹn sí 0, ẹni tó bá ní 0 kò ní àfikún. Ó tó ọdún mélòó kan kẹ́nikẹ́ni tó fura, èmi náà kò fura. Kóòdù kékeré kan la fi tún un ṣe.

Nígbà tí wọ́n gbà láti tún ti ìlà 41 ṣe, ọ̀gá ní ká dá àfikún ọkùnrin yẹn dúró títí obìnrin á fi bá a. Mo ní rárá o. Òfin owó dọ́gbadọ́gba tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1963 tiẹ̀ sọ ọ́ ní tààrà pé ẹ ò lè torí ìdọ́gba gé owó ẹnikẹ́ni, ẹ sì mọ̀ pé dídá àfikún dúró, àbúrò gígé owó náà ni, tẹ́ ẹ bá ṣe é, ẹ ti sọ àwọn méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ di ọ̀tá. Èyí tó kéré lẹ máa gbé sókè. Ó gba oṣù méje, ẹ̀ẹ̀mejì la sì gbé e kó tó pé.

Lóṣù tó pé yẹn, obìnrin náà gbé ìwé owó oṣù ẹ̀ wá sídìí tábìlì mi, ó rò pé àṣìṣe ni. Mo ṣàlàyé fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi mí pé, "Tọdún mẹ́rin tó ti kọjá yẹn ńkọ́, àǹtí?" Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo gbé e lọ sókè, mo tún gbé e lọ lẹ́ẹ̀kejì. Wọn ò tíì dá mi lóhùn títí mo fi kúrò níbẹ̀.